Níbi Tí Mọ́tò Kò Dé

Ẹni tó bá ra fìríìjì ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ilé rẹ̀ sì wà nínú agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnká, kó yáa wá alábàárù méjì tí ọrùn wọn le. Mícrà tó bá gbé ẹrù náà yóò já a sílẹ̀ sẹ́bàá títì, awakọ̀ á gba owó rẹ̀, á sì ṣẹ́rí padà, torí ọ̀nà tó kù kì í ṣe ti mọ́tò. Ẹ̀yìnkùlé onílé ló ń gbà, ó ń ré gọ́tà kọjá, ó ń fún mọ́ àárín ògiri méjì, ó ń yọ sí ojúde tí ìyá kan ti ń yan àgbàdo, kó tó wá já sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni fìríìjì. Bí alábàárù bá fẹ́ yà ní kọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ kígbe “Àgò o!” kí ẹni tó ń bọ̀ lápá kejì lè fara ti ògiri. Ọ̀kadà máa ń wọ ibẹ̀, lóòótọ́, torí ọ̀kadà kì í mọ ibi tí kò yẹ kó dé. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ò wọ ibẹ̀ rí, kò sì ní wọ ibẹ̀ àfi bí wọ́n bá wó ilé.

Bó ṣe rí lẹ́yìn Ọjà'ba nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti Bẹẹrẹ wọnú lọ. Ẹni tó bá dúró lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, òrùlé páànù ló máa rí, tí wọ́n fara kọ́ra lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò ní rí ọ̀nà láàrin wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n yà á fún. Àwọn jagunjagun tó tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí 1829, ogun ni wọ́n ń rò, ilé tó sún mọ́ra ló sì ṣe é gbèjà. Ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906, Ọjà'ba, ìyẹn Ọjà Ìbà tí wọ́n fi orí Baṣọ̀run Olúyọ̀lé sọ, ti ń ná láti ìgbà bàbá àwọn tó ń ná an nígbà náà. Mọ́tò ló bá ìlú níbẹ̀, ìlú kọ́ ló bá mọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà tí a bí sí Bẹ́yẹrúnká, tí wọ́n ti ń gbé Chicago tipẹ́. Wọ́n pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìsinmi ni wọ́n ti ń bọ̀, inú wọn dùn débi pé wọn ò kí mi tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn.

“Àbúrò mi, kò sí mọ́tò kan ṣoṣo níbẹ̀ o! Ẹṣin ló ń kó èrò, ẹṣin náà ló ń kó ẹrù. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ débẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbàgbé Bẹ́yẹrúnká ni?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ìwọ náà ńkọ́,” ni wọ́n wí, “ti Bẹ́yẹrúnká yẹn ò jọ ọ́.”

Mo gbà pé kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ló fà á tí kò fi jọ ọ́? Ibi méjèèjì ni mọ́tò kì í wọ̀. Èèyàn ń wọkọ̀ òfuurufú, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, kó lè rìn fẹsẹ̀ lójú ọ̀nà ọ̀kan. Ní ti ọ̀nà kejì, ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ gan-an ń sá kúrò níbẹ̀, ó ń lọ kọ́lé sí Àkóbọ̀ kí mọ́tò rẹ̀ lè rí ibi sùn.

Mackinac ni orúkọ erékùṣù tí ẹ̀gbọ́n mi lọ, inú adágún Huron ló wà, ní Ìpínlẹ̀ Michigan. Àwọn adágún ńlá márùn-ún tó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà kì í ṣe ohun tí ojú ọmọ Ìbàdàn lè tètè gbà gbọ́. Kò sí iyọ̀ nínú omi wọn, omi mímu ni, síbẹ̀ wọ́n fẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró létí wọn kò ní rí òdìkejì. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìbàdàn títí dé Kìṣí, fẹ̀ tó nǹkan bí 28,450 kìlómítà níbùú lóròó. Huron nìkan tó 59,600. Ẹ sọ ìpínlẹ̀ wa di ìlọ́po méjì, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di omi, kò tíì kún un. Superior tó wà lókè rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó 82,000. Ìjì máa ń jà lórí wọn, ọkọ̀ ńlá máa ń rì sínú wọn, àwọn awakọ̀ ojú omi ibẹ̀ sì máa ń bínú bí ẹnìkan bá sọ fún wọn pé adágún lásán ni.

Ní 1898, àwọn tó ń fi ẹṣin kó èrò ní Mackinac fẹjọ́ sùn pé ohun tuntun tí wọ́n ń pè ní mọ́tò yìí ń dẹ́rù ba ẹṣin àwọn. Àwọn aláṣẹ ìlú gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n fòfin de mọ́tò, òfin náà sì wà títí dòní. Títì kan yí erékùṣù náà ká, ó gùn tó kìlómítà 13, ó ní nọ́ńbà ìjọba ìpínlẹ̀ bíi ti àwọn títì ńlá yòókù, àmọ́ ẹlẹ́ṣin, oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ látọdún dọ́dún kò ju bí 600 lọ. Tó bá di ìgbà ooru, ẹṣin tó wà níbẹ̀ á tó iye èèyàn bẹ́ẹ̀, àwọn kan á sì wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa gbá ìgbẹ́ ẹṣin kúrò ní títì lọ. Nígbà òtútù, wọ́n á kó ọ̀pọ̀ ẹṣin náà kọjá sókè odò. Bí adágún bá wá dì gbagidi, àwọn ará erékùṣù á máa gba orí yìnyín kọjá, wọ́n á to àwọn igi Kérésìmesì tí wọ́n ti lò tán sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹni tó ń kọjá lóru má baà ṣìnà.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Mọ́tò díẹ̀ wà ní Mackinac. Ambúláǹsì wà, mọ́tò panápaná wà, ti ọlọ́pàá wà. Àwọn tó ṣòfin mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ kò lè dúró de ẹṣin. Wọ́n yọ mọ́tò kúrò, wọn ò yọ ìtọ́jú kúrò.

Ibẹ̀ ni tiwa ti yàtọ̀. Bí aboyún bá ń rọbí lóru ní ìsàlẹ̀ Ọjà'ba, ẹ̀yìn ọkùnrin ni yóò fi dé títì. Bí iná bá sọ, panápaná á dúró sí Bẹẹrẹ, wọ́n á máa wo èéfín. Gọ́tà tó gba àárín ilé kọjá kò ní ẹni tó ń kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ àfi onílé tí òórùn rẹ̀ bá dé yàrá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí mọ́tò má wọ ibẹ̀. Wọ́n kàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba wa kì í sì í dé ibi tí mọ́tò kò bá dé. Bí wọ́n bá fẹ́ tún agbègbè kan ṣe, títì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò, títì náà á sì wó ilé méjìlélógún kó tó la àárín agbo ilé já, gbogbo ẹni tó ní sàréè bàbá rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ pé kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ojú ọ̀nà tóóró yẹn, kí wọ́n bo gọ́tà rẹ̀, kí wọ́n gbé iná sí i, kí wọ́n wá ra ambúláǹsì kékeré tó lè gba ibi tí kẹ̀kẹ́ Marwa ń gbà. Bóyá torí pé kò sí ohun ńlá níbẹ̀ tí olóṣèlú lè gé ríbọ́ọ̀nù sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ilẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lórí adágún, níbo ni yóò lọ?

Ẹlẹ́yẹlé ló sún mọ́ ọn jù. Odò Ọ̀nà ni wọ́n sé níbẹ̀, 1942 ni wọ́n parí rẹ̀, kí ìlú lè rí omi mu. Àwọn apẹja ṣì ń wa ọkọ̀ kéékèèké níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń wá ẹja àrọ̀ àti ẹ̀pìyà, wọ́n ń fi àjẹ̀ la àárín koríko tó bo ojú omi. Aṣéjirè wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀, odò Ọ̀ṣun ni ti ibẹ̀. Ó tóbi ju Ẹlẹ́yẹlé lọ, àìmọye ìgbà lèmi àti ìwọ ti gba orí afárá ibẹ̀ kọjá tí a kàn yọrí lójú fèrèsé mọ́tò, tí a tún padà sí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Omi wà. Àwa la ò yà síbẹ̀.

Mi ò dá wa lẹ́bi púpọ̀. Ojú tí ọmọ Ìbàdàn fi ń wo omi kì í ṣe ojú ìgbádùn. Lọ́jọ́ 31 oṣù Ògún 1980, odò Ògùnpa kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó wọ ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ọmọ lọ mọ́ ìyá. Látìgbà náà ni a ti ń pè é ní Omíyalé, tí àwọn aláwàdà sì fi kún un pé àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ṣebí a rò pé ó tán. Lọ́jọ́ 26 oṣù Ògún 2011, òjò mìíràn dé, adágún Ẹlẹ́yẹlé gan-an kún àkúnya, afárá já, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìyá tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọmọ mú lórí àga kí omi má baà gbé e, ẹ má sọ fún un pé kó wá sanwó kó lọ jókòó sórí omi. Ó ti jókòó sórí omi rí lọ́fẹ̀ẹ́.

Adágún tó tóbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń kó èrò, ká tó rí i, àfi ká dé Gánà. Volta ni mò ń wí. Wọ́n sé odò náà ní Akosombo, Kwame Nkrumah sì ṣí ibẹ̀ ní oṣù Kìíní 1966, oṣù kan ṣáájú kí àwọn ológun tó lé e. Omi padà sẹ́yìn, ó ń gun orí ilẹ̀ lọ. Kò dúró àfìgbà tó bo nǹkan bí 8,500 kìlómítà níbùú lóròó. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò fi púpọ̀ jù ú. Àwọn tó kúrò nílé fún un tó nǹkan bí 80,000, abúlé wọn lé ní 700, wọ́n kó wọn sí ìlú tuntun 52. Kete-Krachi àtijọ́ wà lábẹ́ omi náà.

Àwọn èèyàn wa mọ omi yẹn dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Inísà àti ọmọ Ìlọrin ló pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Gánà, títí dé Tamale lókè, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn náà ẹ ó rí ilé tí wọ́n ti ń pe bàbá àgbà wọn ní Bàbá Gánà. Lọ́jọ́ 18 oṣù Bélú 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14. Àwọn tó ti bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ èdè ibẹ̀ ju Yorùbá lọ, di ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù ní ìlú tí wọn ò mọ̀. Nígbà tó di 1983 ni àwa náà lé àwọn ará Gánà, báàgì aláwọ̀ ìlà-ìlà tí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ sì gba orúkọ tí a ṣì ń pè é dòní. Ó wà ní Ọjà'ba. Alájàpá tó ń fi í di elùbọ́ kì í ronú nípa ìtàn rẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kó máa ronú nípa rẹ̀.

Ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lórí Volta ni Yapei Queen. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ná Akosombo sí Yeji, nǹkan bí 300 kìlómítà sí àríwá, ó ń sùn lójú omi, ó ń yà ní èbúté Kete-Krachi, ó ń kó ọjà gòkè, ó ń kó iṣu sọ̀ kalẹ̀. Iṣu ló ni ọkọ̀ yẹn, èèyàn kàn ń bá iṣu wọ̀ ọ́ ni. Àwọn tó fẹ́ fàájì ní ọkọ̀ tiwọn nígbà kan, Dodi Princess, tó máa ń gbéra ní Akosombo ní ọjọ́ Ìsinmi lọ sí erékùṣù Dodi. Orin á máa dún, wọ́n á máa sun ẹja, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù kékeré tí kò sí mọ́tò níbẹ̀, àwọn ọmọ abúlé á lu ìlù fún wọn, wọ́n á gba owó díẹ̀, ọkọ̀ á fọn fèrè, gbogbo wọn á tún wọlé. Iná jó ọkọ̀ náà ní 2012. Ká sòótọ́, nínú ọkọ̀ méjèèjì, ti oníṣu ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó ń bá ọlọ́jà rìn máa ń rí ìlú. Ẹni tó lọ wo ọmọdé tó ń lu ìlù nítorí owó, ara rẹ̀ ló lọ wò.

Volta ní ewu tirẹ̀. Wọn ò gé igbó tó wà níbẹ̀ kí omi tó bò ó, kùkùté àwọn igi ńlá náà sì ṣì dúró nísàlẹ̀. Bí omi bá fà, orí wọn á sún mọ́ òkè láìyọjú síta, ọkọ̀ onígi tó bá fi ìdí gbá ọ̀kan á là sí méjì. Ohun kan náà tí ń pa èrò lórí adágún Kainji wa nìyẹn, tí wọ́n sé lára Odò Ọya ní 1968, tó bo Bùsà àtijọ́, ìlú tí arìnrìn-àjò Mungo Park kú sí lẹ́bàá rẹ̀ ní 1806. Lọ́jọ́ 26 oṣù Èbìbí 2021, ọkọ̀ kan tó gbéra ní Ìpínlẹ̀ Niger tó ń lọ sí Wara ní Kebbi fọ́ sójú omi. Èrò tó kó lé ní 150, nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tó yẹ kó kó. Ibi tí ọ̀nà mọ́tò kò sí, omi nìkan ni ọ̀nà, ọlọ́jà kò sì ní dúró de ọkọ̀ mìíràn bí ọjà bá ti fẹ́ tú. Ẹ̀wù rọ́bà tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kò wọ́n tó ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n tì í sí, awakọ̀ fi ṣe tìmùtìmù.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ọ̀rọ̀ Ganvié ni mo ń bọ̀ wá sọ, torí ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ohun tó jọ Bẹ́yẹrúnká lórí omi.

Orí adágún Nokoué ló wà, ní àríwá Kútọnu, ní Orílẹ̀-èdè Benin. Adágún náà kò tóbi bíi ti Gánà, nǹkan bí 150 kìlómítà níbùú lóròó ni. Omi rẹ̀ ní ìwà méjì. Bí òjò bá rọ̀ lókè, odò Ouémé tó gba ẹ̀bá ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá á ya wọ̀ ọ́, omi dídùn á sì lé iyọ̀ jáde. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òkun á gba ojú odò tí àwọn Faransé gbẹ́ sí Kútọnu ní 1885 wọlé, omi á tún ro. Ẹja mọ ìgbà tó yẹ kó wá àti ìgbà tó yẹ kó lọ, apẹja náà sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn Tofinu ló ni ìlú. Láyé òwò ẹrú, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó èèyàn lọ tà sétí òkun, àwọn baba ńlá wọn sá bọ́ sórí omi, torí ẹ̀sìn àwọn Dàhòmì kò fàyè gba ọmọ ogun wọn láti jagun lójú omi. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ nínú adágún, wọ́n kọ́lé lé e, àwọn tó ń lé wọn dúró sétí bèbè ń wò wọ́n. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ àpáta nítorí irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wu àwa ọmọ Ìbàdàn láti gbọ́ ìtàn yìí bí ẹni pé àwa la sá, ṣùgbọ́n ká má tan ara wa: àwọn ológun tó wà lórí òkè Màpó náà kó ẹrú, wọ́n kó o púpọ̀, ìlú wà ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọn ò tíì gbàgbé.

Èbúté Abomey-Calavi lèèyàn ti ń wọ ọkọ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò létí bèbè, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n pọ̀ lọ súà bí oko tí iná ti jó. Akadja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á wá fara pamọ́ sáàárín ẹ̀ka náà, á jẹ ohun tó hù lára wọn, á bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹni tó ni ín á fi àwọ̀n yí i ká, á yọ ẹ̀ka náà níkọ̀ọ̀kan, á sì kó ẹja. Akadja ní olówó, ó ní àjogúnbá, ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ bíi ti ààlà oko. Igi tí wọ́n ń gé fún un kì í ṣe díẹ̀, ẹ̀ka tó sì jẹrà ń jẹ́ kí adágún máa kún fún ẹrẹ̀, tí omi fi ń dín kù lọ́dọọdún.

Ìlú wá yọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló wà lórí òpó, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 20,000. Ojú omi ni títì wọn. Ọ̀nà ńlá wà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń gbà, ọ̀nà tóóró sì wà láàrin ilé sí ilé tí ọkọ̀ kékeré nìkan lè fún ara rẹ̀ gbà, tí ẹni méjì tó bá pàdé níbẹ̀ á fi ọwọ́ ti ògiri kí wọ́n tó lè kọjá. Àwọn náà ń ké kí wọ́n tó yà ní kọ̀rọ̀.

Obìnrin kan ń bọ̀ wá bá wa, ó dé fìlà koríko tó fẹ̀ bí agbọ̀n, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà síwájú, ó fi ti kúlà ìrẹsì kó má baà yí. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ ń wọ omi láìdún. Ó dúró nídìí ilé kan, wọ́n sọ abọ́ àti owó sísàlẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n so okùn mọ́, ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀ ata lé e, ó ka ṣéńjì sínú ewé, wọ́n fà á gòkè. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oníbàárà rẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n, èmi àlejò ni mo dúró tì wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń ṣe eré fún. Mo fẹ́ ya fọ́tò, obìnrin náà fi etí fìlà bo ojú. Ó tọ́ sí i. Bí ẹnìkan bá yọjú sínú ojúde yín ní Ọjà'ba nígbà tí ẹ ń jẹun, tó gbé fóònù sókè, ẹ ó ṣe ju kí ẹ fi fìlà bojú lọ.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe máa ń tò nídìí ẹ̀rọ omi ní Yemẹtù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ń pọn omi mímu. Ẹni tó ní omi lábẹ́ ilé, lẹ́yìn ilé, níwájú ilé, ó ń wa ọkọ̀ lọ ra omi, torí ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ń dà sínú adágún náà kò jẹ́ kó ṣe é mu mọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ ni ìṣòro Ganvié tó tóbi jù, kò sì sí ohun tí aṣèbẹ̀wò lè fi orúkọ dáradára bò mọ́lẹ̀. Ìjọba Benin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láti tún ìlú náà ṣe láìkó àwọn ará ibẹ̀ kúrò. Ìyẹn ni mo ń wò. Wọ́n lè kó gbogbo wọn lọ sórí ilẹ̀, kí wọ́n la títì fún wọn, kí wọ́n ní àwọn ti là wọ́n lójú. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ìlú ni ibi tí wọ́n ń gbé, àti pé omi ni ọ̀nà rẹ̀. Bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ láti fi ṣe ilẹ̀ níbi tí ilé ìwé yóò wà, ọmọ ilé ìwé sì ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù.

Nígbà tí mo dé ilé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Chicago. Mo ní mo ti rí ibi tó jọ Bẹ́yẹrúnká. Wọ́n ní ṣé wọ́n ní gọ́tà. Mo ní wọn ò ní, gọ́tà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn á bá mi lọ bí àwọn bá wálé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wa, ọ̀nà rẹ̀ kò le. Láti Ìbàdàn, ẹ gba Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ẹ kọjá ní Sèmè pẹ̀lú ìwé ìrìnnà yín lọ́wọ́, kí owó tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà má baà ju owó ọkọ̀ lọ. Láti Kútọnu dé Calavi kò jìnnà, ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan á gbé yín. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, kí ẹ sì bèèrè ẹ̀wù rọ́bà náà tìjà tìjà. Kí ẹ lọ ní òwúrọ̀, torí afẹ́fẹ́ máa ń ru omi sókè lọ́sàn-án. Bí ẹ bá rí oníṣòwò tó kó jálá bẹntiróòlù sínú ọkọ̀, kpayo nìyẹn, ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti máa ń lọ. Ẹ má ṣáná nítòsí rẹ̀.

Èmi ò gba ọ̀nà Kútọnu padà. Ọkọ̀ wà tó ń la adágún náà kọjá sápá ìlà oòrùn, tó ń gba àárín àwọn abúlé Aguégué, tó ń wọ ọ̀nà omi tóóró kan, tó sì ń já sí ìlú Àjàṣẹ́. Wákàtí díẹ̀ ni, oòrùn rẹ̀ le, ìjókòó rẹ̀ le ju oòrùn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ létí omi ní Àjàṣẹ́ tí ẹ ò gbọ́ Faransé, ẹ kàn kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ pé ẹ kú ọjà o. Bí ìyá tí mo kí ṣe dáhùn, ó bi mí ní ọmọ ibo ni mí, mo ní Ìbàdàn, ó ní Ìbàdàn wo nínú Ìbàdàn. Mo ní Ọjà'ba. Ó ní kí n jókòó, ìyá bàbá òun ti ná ọjà yẹn rí, ẹ̀kọ ṣì gbóná.